Ẹ̀jẹ̀ Inú Itọ́

Kì í ṣe irun nìkan ló ń gbé àwọn èèyàn wá sí ìsọ̀ onígbàjámọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìtẹ̀wé. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ni. Ẹnudùn ni wọ́n ń pè é, àwọn kan tó ti ń gẹrun lọ́dọ̀ rẹ̀ láti kékeré ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó ní orúkọ mìíràn. Ìsọ̀ náà ò tóbi. Àga onírin kan tó ń yí bíríbírí wà láàárín, awọ apá rẹ̀ ti ya, ó sì ti fi téèpù dúdú lẹ̀ ẹ́. Dígí gbọọrọ kan wà lára ògiri, pákó ìjókòó kan sì wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn fún àwọn tó ń dúró. Tó bá di Sátidé, pákó yẹn máa ń kún débi pé àwọn mìíràn á dúró síta, wọ́n á na ọrùn wọlé kí wọ́n lè gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ dé. Bí Ẹnudùn bá ń sọ bí ọ̀gá ọlọ́pàá kan ṣe sùn lọ sórí àga rẹ̀, á fi kílípà sílẹ̀, á hanrun gẹ́lẹ́ bí ọ̀gá ọlọ́pàá ṣe hanrun, tòun ti súfèé tó ń bá a jáde nímú. Ẹni tó wà lórí àga á máa rẹ́rìn-ín, Ẹnudùn á máa bẹ̀ ẹ́ pé, "Jọ̀ọ́, má mi orí. Etí rẹ ló wà lọ́wọ́ mi yìí o."

Ṣọ́jà lẹni àkọ́kọ́ tó yíjú kúrò. Àgbà ọkùnrin kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ológun ni, ó sì máa ń wá fá orí kodoro lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Lọ́jọ́ kan, bí Ẹnudùn ṣe tẹ̀ mọ́ ọn láti fá ìdí etí rẹ̀, tí ọ̀rọ̀ ń dà lẹ́nu rẹ̀ wàrà wàrà, ó rí i nínú dígí pé Ṣọ́jà di èémí mú. Ó tún rí i pé ó rọra gbé imú sí ẹ̀gbẹ́ kejì, bí ẹni tó ń wo nǹkan níta. Kò sí nǹkan kan níta. Ẹnudùn parí ìtàn tó ń sọ, àmọ́ kò jẹ́ kó dé ibi tó dùn.

Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń wo dígí ju bó ṣe ń wo orí èèyàn lọ. Ó rí ọkùnrin tó ń tún bàtà ṣe tó fi àǹkáṣíìfù bo imú, tó ní ọ̀fìnkìn ló ń ṣe òun. Ó rí tíṣà kan tó ní kó yára ṣe é, òun ní ìpàdé. Pákó ẹ̀bá ilẹ̀kùn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣófo. Kò sẹ́ni tó bá a jà, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ kan. Wọ́n kàn ń dín kù ni.

Ohun tó burú nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ó mọ̀, ó sì ti mọ̀ tipẹ́. Àtìgbà tí àwọn ìbejì rẹ̀ ti wà lọ́mọ ilé ni ẹ̀jẹ̀ ti ń bá itọ́ rẹ̀ jáde láàárọ̀, àwọn yẹn sì ti wà nílé ọkọ báyìí. Lákọ̀ọ́kọ́, ó kàn máa ń pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ nínú ìhó ọṣẹ ìfọyín ni. Nígbà tó yá, ibi tó bá ti ń ṣẹ̀jẹ̀, Ẹnudùn ò ní jẹ́ kí bùrọ́ọ̀ṣì débẹ̀ mọ́. Èrìgì rẹ̀ wú, ó ń dán, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà kúrò lára eyín, débi pé àwọn eyín iwájú gùn ju bí wọ́n ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ. Ọ̀kan nísàlẹ̀ ti ń mì. Bó bá ń gẹrun, á máa fi ahọ́n tì í síwá sẹ́yìn nínú ẹnu rẹ̀, bí ẹni tó ń yẹ ilẹ̀kùn wò bóyá wọ́n tì í. Tó bá fọ ẹnu tán, á da omi sí bésìnì títí yóò fi funfun báláú kí ìyàwó rẹ̀ tó wọlé.

Kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rù dókítà eyín. Eyín ló pa ìyá rẹ̀, ohun tí gbogbo ilé sọ nìyẹn. Òun ló gbé báàgì ìyá náà lọ́jọ́ tí ìyá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sọ́sibítù. Wọ́n yọ eyín kan, ìyá fi aṣọ di ẹ̀rẹ̀kẹ́, wọ́n jọ rìn padà wálé. Ọ̀sẹ̀ yẹn ò parí tó fi kú. Ẹnudùn ò tíì hu irùngbọ̀n nígbà náà, ṣùgbọ́n ó pinnu nínú ara rẹ̀ pé kò sẹ́ni tó máa mú ẹ̀mú sún mọ́ ẹnu òun láéláé.

Nígbà tí wọ́n wá sọ fún un pé ó ní àtọ̀gbẹ, kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré rárá. Òun tó jẹ́ pé ìdúró ló fi ń mu ìgò ẹlẹ́rìndòdò tán tẹ́lẹ̀, ó jáwọ́ ńbẹ̀ pátápátá. Tíì tí kò ní ṣúgà ló ń mu, ẹsẹ̀ ló ń fi rìn lọ síbi iṣẹ́, oògùn rẹ̀ kì í sì í yẹ̀, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wá sílẹ̀ lóòótọ́, dókítà sì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ó pẹ́ díẹ̀, ó tún gòkè. Dókítà fi oògùn kún oògùn, ó tún gòkè. Ṣòkòtò bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ nídìí rẹ̀. Dókítà wò ó láti òkè awò ojú rẹ̀, ó ní, "Bàbá, ṣé ohun tí a sọ lẹ ń tẹ̀ lé?" Ẹnudùn ní òun ń tẹ̀ lé e. Dókítà kọ nǹkan sílẹ̀, kò sì wò ó mọ́.

Ìyàwó rẹ̀ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Tíṣà ni, ó sì mọ bí ọmọ tó ń parọ́ ṣe máa ń dúró. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí ilé ìwé tú, ó ya ìsọ̀ ọkọ rẹ̀ láìsọ tẹ́lẹ̀. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó gbé tìmùtìmù orí àga, ó ṣí dúróò, ó gbé ife tó wà níwájú dígí, ó gbóòórùn rẹ̀.

Ẹnudùn ní, "Kí lò ń wá, Ìyá Ìbejì?"

"Ohun tí ẹ ń mu ni mo ń wá."

"Omi ni."

"Omi ò lè gbé ṣúgà ga, Bàbá Ìbejì. Ẹ má sọ mí dọmọdé. Dókítà ò lè máa parọ́, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ò lè máa parọ́. Ẹnì kan ló ń parọ́ ṣáá."

"Mo fi àwọn ìbejì búra fún ọ..."

"Ẹ má fọmọ mi búra!"

Oníbàárà kan ṣoṣo tó wà lórí pákó gbé ìwé ìròyìn àná sójú, ó sì dorí rẹ̀ kodò. Ìyá Ìbejì gbé ife náà kalẹ̀, ó jáde. Láti ọjọ́ yẹn, ó fi kọ́kọ́rọ́ ti ṣúgà mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù, ó sì ń ṣọ́ ọkọ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ ọmọ ilé ìwé lọ́jọ́ ìdánwò. Lórí bẹ́ẹ̀dì, ó kọ ẹ̀yìn sí i. Ẹnudùn rò pé ìbínú ni. Ìbínú wà níbẹ̀, àmọ́ kì í ṣe ìbínú nìkan.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin ló là á mọ́lẹ̀. Alágbàfọ̀ ni, òun ló máa ń fọ àwọn aṣọ funfun tí Ẹnudùn fi ń bo ọrùn oníbàárà. Ó gbé wọn dé lọ́sàn-án kan, ó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti sùn lọ sórí àga ara rẹ̀, kò sì sẹ́nì kankan nínú ìsọ̀.

"Bọ̀ọ̀dá mi, àwọn èèyàn dà?"

"Òjò ló dá wọn dúró."

"Òjò wo? Nínú oòrùn tó ń ta mí lórí bọ̀ yìí?"

Ẹnudùn fẹ́ fi í ṣàwàdà. Ó ní òjò tòun kì í pa gbogbo èèyàn, iwájú ìsọ̀ òun nìkan ló máa ń rọ̀ sí. Àbúrò ò rẹ́rìn-ín. Ó gbé aṣọ kalẹ̀, ó sún mọ́ ọn.

"Ẹ bínú sí mi tí ẹ bá fẹ́," ló wí. "Ẹnu yín ń rùn."

"Àlùbọ́sà tí mo jẹ..."

"Kì í ṣe àlùbọ́sà. Mo mọ òórùn yìí. Òun ló wà lẹ́nu Màmá."

Ẹnudùn ní, "Màmá? Eyín tí wọ́n yọ ló pa Màmá."

"Ẹ̀yin lẹ gbé báàgì. Èmi ni mo ń bá Màmá sùn lórí ẹní kan náà. Ó ti tó ọdún kan tí òórùn yẹn ti wà lẹ́nu wọn kí wọ́n tó yọ eyín kankan. Ṣé ẹ rántí bí wọ́n ṣe ń mu omi? Tí wọ́n máa mu kọ́ọ̀pù kan, tí wọ́n tún máa ní ká bu òmíràn wá? Ṣé ẹ rántí bí yẹ̀rì ṣe ń já bọ́ nídìí wọn? Mi ò mọ ohun tó pa wọ́n. Ohun tí mo mọ̀ ni pé nǹkan ti ń jẹ wọ́n kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó mú ẹ̀mú dání."

Ìgò omi ńlá kan wà lẹ́bàá dígí, Ẹnudùn sì ti rọ ọ́ kún tó sì ti mu ún tán ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́jọ́ náà. Kò fẹ́ wò ó, ojú rẹ̀ sì lọ síbẹ̀. Gbogbo ọdún tó fi sá fún ọ̀nà tí ìyá rẹ̀ gbà kú, ó dà bíi pé ojú ọ̀nà náà gan-an ló ti ń tọ̀. Ó sọ fún àbúrò rẹ̀ pé òun máa lọ rí dókítà eyín. Ó fẹ́ lọ lóòótọ́. Ó múra láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó dé ẹnu géètì ọsibítù, ó gbọ́ bí ọmọ kan ṣe ń ké nínú yàrá eyín, ó sì yí ẹ̀yìn padà. Ó ní òun á wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ náà ò dúró dè é. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè mọ́, àgbọ̀n ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti wú lápá kan, ó gbóná, ó sì le. Ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé kòkòrò ló ta òun. Ó lọ ṣí ìsọ̀. Ṣọ́jà wọlé, ó jókòó, Ẹnudùn pa ọṣẹ sí i lórí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fá a. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tó ti ṣí ìsọ̀ náà, kò sí ọ̀rọ̀ kankan. Ìró abẹ nìkan ló ń lọ. Ìdajì orí ti mọ́ nígbà tí òtútù kan gbé Ẹnudùn láti ẹsẹ̀ wá sókè, abẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀.

Ṣọ́jà di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú. "Gbé abẹ yẹn kalẹ̀."

"Ó ku díẹ̀..." Ohùn Ẹnudùn jáde bíi ti ẹni tí oúnjẹ gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀. Itọ́ ń dà sílẹ̀ létí ẹnu rẹ̀, kò sì lè gbé e mì.

"Mo ní kí o gbé e kalẹ̀!" Ṣọ́jà dìde, ó fọwọ́ kan abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀. Ó le bíi pákó, láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ títí dé ọrùn. Àgbà náà ò bi í léèrè ọ̀rọ̀ mọ́. Ó fà á jáde, ó dá mọ́tò dúró pẹ̀lú aṣọ funfun lọ́rùn àti ìhó ọṣẹ ní ìdajì orí. Àwọn tó rí wọn lọ́jọ́ náà kọ́kọ́ fẹ́ rẹ́rìn-ín, àfi ìgbà tí wọ́n rí ojú Ẹnudùn.

Ní ọsibítù, nọ́ọ̀sì gún un níka, ó fi ẹ̀jẹ̀ kan ẹ̀rọ kékeré ọwọ́ rẹ̀, ó wò ó. Ó nu ìka mìíràn, ó tún gún un. Ó wo ẹ̀rọ náà lẹ́ẹ̀kejì. Ó kàn yíra padà, ó sì ń yára rìn lọ, ìrìn tó fẹ́ di eré. Dókítà kan dé, òmíràn tún dé. Wọ́n ránṣẹ́ pe dókítà eyín, obìnrin kúkúrú kan tí ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. Ó ní kí Ẹnudùn ya ẹnu. Kò ya ju kí ìka kan wọ̀ ọ́ lọ, síbẹ̀ ìwọ̀nba tó rí mú kó ní kí wọ́n ya àwòrán egungun ẹnu rẹ̀ kíákíá.

Ìyàwó dé láti ilé ìwé pẹ̀lú ẹfun ìkọ̀wé lọ́wọ́. Dókítà eyín fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbé àwòrán egungun ẹnu ọkọ rẹ̀ sókè síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ibi tó yẹ kí egungun di eyín mú, òfìfo dúdú ló pọ̀ jù níbẹ̀.

Ìyá Ìbejì ní, "Ṣúgà tó ń jẹ ní kọ̀rọ̀ ló fa èyí, àbí?"

"Ta ló sọ pé ó ń jẹ ṣúgà ní kọ̀rọ̀?"

"Kò wá sílẹ̀. Gbogbo oògùn, kò wá sílẹ̀."

"Ṣé ẹnikẹ́ni ti yẹ ẹnu rẹ̀ wò látìgbà tó ti ń gba oògùn?"

"Ẹnu kẹ̀? Ìtọ̀ ṣúgà ló ń ṣe é."

Dókítà eyín gbé àwòrán náà kalẹ̀. "Mà, egbò ni gbogbo ìdí eyín yìí. Tí a bá lè tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó lè fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́. Tó bá jẹ́ pé ẹsẹ̀ ló ti ní irú egbò bẹ́ẹ̀, tó ń ṣọyún fún ọ̀pọ̀ ọdún, ṣé ẹ máa jẹ́ kó máa rìn kiri? Ara tó ń bá irú egbò yẹn jà kì í jẹ́ kí oògùn ṣúgà ráyè ṣiṣẹ́. Ṣúgà tó ga kì í sì í jẹ́ kí egbò jinná. Àwọn méjèèjì ti ń ran ara wọn lọ́wọ́ tipẹ́, ọkọ yín ló wà láàárín. Ní báyìí, ó ti ń wú lọ sí ọ̀fun. A ní láti ṣí i lónìí."

Ìyá Ìbejì fẹ̀yìn ti ògiri. Kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù wà nínú báàgì rẹ̀, ó sì tì í lọ sísàlẹ̀ báàgì náà.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ máa gbé Ẹnudùn lọ, ó di aṣọ ìyàwó rẹ̀ mú. Ọ̀rọ̀ ò lè jáde, àmọ́ ojú rẹ̀ ń lọ sára àwọn irin tó wà nínú àwo. Ìyàwó mọ ohun tó ń bẹ̀rù. Ó tẹ̀ mọ́ ọn, ó sì fi ẹnu kan etí rẹ̀. "Kì í ṣe eyín yíyọ ló pa Màmá yín. Ẹ gbọ́? Pípẹ́ kí wọ́n tó lọ ni."

Wọ́n ṣí abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ kí ọyún lè jáde, wọ́n yọ èyí tó pọ̀ jù nínú eyín rẹ̀, wọ́n fi rọ́bà tí yóò máa gbà mí sí i lọ́rùn. Ìgbà kan wà tí àwọn dókítà ò bá ìyàwó sọ̀rọ̀ tààrà mọ́, tó jẹ́ pé bí wọ́n bá kọjá lọ́dọ̀ rẹ̀, ilẹ̀ ni wọ́n ń wò. Ó jókòó ti bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú ìwé iṣẹ́ àwọn ọmọ ilé ìwé rẹ̀ lórí ẹsẹ̀, kò sì ṣí ọ̀kankan. Ọjọ́ tí ibà náà wá lọ sílẹ̀, tí Ẹnudùn lajú tó sì dá a mọ̀, ó ní, "Mo gbọ́ òórùn náà. Ojoojúmọ́ ni mo ń gbọ́ ọ. Mo kọ ẹ̀yìn sí yín, mo sì ń pè yín ní òpùrọ́. Ẹ forí jì mí." Ẹnudùn ò lè sọ̀rọ̀ nítorí rọ́bà. Ó fi ìka tẹ ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó tún tẹ̀ ẹ́, ó sì sunkún.

Ó yè é. Àpá gígùn kan wà lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, afẹ́fẹ́ sì máa ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ jáde níbi tí eyín ò sí. Ṣúgà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀ díẹ̀ díẹ̀, oògùn kan náà tí kò ràn án tẹ́lẹ̀ wá ń ràn án. Ṣùgbọ́n dókítà sọ fún un pé ọdún tí ṣúgà fi ga ti fi ọwọ́ kan kíndìnrín rẹ̀, ohun tó ti bàjẹ́ níbẹ̀ ò ní padà bọ̀ sípò. Wọ́n á máa ṣọ́ ọ ni. Ẹnudùn bi í pé, "Ẹ óò ṣọ́ ọ dìgbà wo?" Dókítà ní, "Títí lọ ni, Bàbá."

Ṣọ́jà ló kọ́kọ́ padà wá sí ìsọ̀. Ìdajì irun tí wọn ò fá lọ́jọ́ yẹn ti kún bíi pápá, ó sì ti kọ̀ kí onígbàjámọ̀ mìíràn fọwọ́ kàn án. Àwọn kan tẹ̀ lé e wá, àwọn kan ò wá mọ́.

Nígbà tí àbúrò gbé aṣọ funfun dé, Ẹnudùn ti ìsọ̀, ó sì fà á lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín. Àbúrò bínú ní gbogbo ọ̀nà pé ara òun le koko. Wọ́n yẹ ẹnu rẹ̀ wò, wọ́n gún un níka. Èrìgì rẹ̀ ti ń fà kúrò lára eyín, ṣúgà rẹ̀ sì ti ga ju bó ṣe yẹ lọ. Dókítà eyín ní kò tíì pẹ́ jù, kí ó má ṣe yẹ ọjọ́ tí òun bá ní kó wá. Wọ́n jáde síta. Níbẹ̀ ni àbúrò ti ní, "Èmi tí mo sọ fún yín nìyí."

Wọ́n jókòó sórí ìjókòó sìmẹ́ńtì lẹ́nu géètì. Ẹnudùn yọ fóònù, ó pe àwọn ìbejì rẹ̀. Ìkejì ò gbé e, àkọ́kọ́ ló gbé e.

"Bàbá, ṣé kò sí o?"

"Kò sí. Mo fẹ́ kí ìwọ àti ìkejì rẹ lọ rí dókítà eyín."

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. "Bàbá, eyín ò dùn mí o. Mi ò ní ìyọnu kankan."

"Mi ò bi ọ́ bóyá ó ń dùn ọ́. Tèmi náà ò dùn mí. Tí o bá fọ ẹnu láàárọ̀, ṣé ẹ̀jẹ̀ ń bá a jáde?"

Ẹ̀rín dáwọ́ dúró lọ́hùn-ún. Ẹnudùn gbé fóònù mọ́ etí dáadáa, ó ń gbọ́ èémí ọmọ rẹ̀, ó sì ń dúró dè é kó dáhùn.